Ibo Ni Kí N Fọwọ́ Sí?

Àwọn ẹlòmíràn máa ń kọ ìwé kí wọ́n tó di òǹkọ̀wé. Ọ̀gá wa, Alàgbà Akínjídé Àjíṣafẹ́, kọ́kọ́ di òǹkọ̀wé ná, ó wá ku ìwé.

Igbákejì dáírẹ́kítọ̀ ni ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Àbújá tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ṣì ti ń jẹun. Lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, lábẹ́ orúkọ àti ipò rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ pé ÒǸKỌ̀WÉ. Lára káàdì pélébé tó ń pín fún àwọn ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: "Òǹkọ̀wé Ìtàn Àràmàǹdà, Ẹlẹ́dàá Ayé Méje, Baba Àwọn Ọba Abìyẹ́." Ayé méje! Ọlọ́run Ọba dá ẹyọ kan, ó sì sinmi ní ọjọ́ keje. Ti ọ̀gá wa, láti ọjọ́ kìíní ló ti bẹ̀rẹ̀ ìsinmi.

Èmi ni Olúṣèyí, olórí rẹ́jísírì, yàrá tí a ń kó fáìlì sí. Bébà kankan kì í wọ ẹ̀ka wa kí n má fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn là ń pè ní fólíò. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Mo ní i láti fólíò kìíní dé ìkẹyìn.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí Alàgbà ti ń kọ ìwé. Iṣẹ́ mọ́kànlá ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn àga rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èèpo ẹ̀yìn tí wọ́n yàwòrán sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwòrán ilẹ̀, orúkọ àwọn ọba, àti ojú ìwé kan tó fi ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tún ní ibi tó kọ "Àwọn ìwé mìíràn láti ọwọ́ òǹkọ̀wé yìí" sí, tó to orúkọ mẹ́wàá yòókù síbẹ̀. Ohun tí kò sí nínú ẹyọ kan wọn ni orí kìíní.

Akọni kan náà ló wà nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ọkùnrin gíga ni, orí rẹ̀ pá, ó ń dán. Ó yọkùn díẹ̀, "ṣùgbọ́n ikùn náà kò ba ẹwà rẹ̀ jẹ́." Bó bá sọ̀rọ̀, òkè á kúnlẹ̀. Ṣé ó tún yẹ kí n sọ ẹni tó ń yàwòrán fún yín?

Àwọn atẹ̀wéjáde kò kúnlẹ̀ ní tiwọn. Àwọn kan ní Ìbàdàn kọ̀wé sí i pé: "Ẹ ṣeun fún ogójì ojú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Ojú ìwé méjìdínlógójì jẹ́ oríkì òǹkọ̀wé, méjì tó kù jẹ́ àwòrán ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìtàn dà?" Àwọn ará Èkó kò tilẹ̀ kọ tó bẹ́ẹ̀. Alàgbà mú bíírò, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà náà pé: "Wọn kò lóye. Ẹ máa fojú sí i." Ní èdè iṣẹ́ ìjọba, "ẹ máa fojú sí i" túmọ̀ sí pé kí ẹ sin ín, kí ẹ má sì sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọwọ́ rẹ̀ kan fún yín, nítorí ọwọ́ yẹn ló kó bá a.

Alàgbà kì í ka bébà. Bí aago mẹ́wàá bá lù, á wọlé, á jókòó, á rí òkìtì ìwé lórí tábìlì, á sì nawọ́ gba bíírò. Kì í béèrè pé kí ni èyí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mọ̀: "Ibo ni kí n fọwọ́ sí?" Ẹni tó gbé ìwé wá á fi ìka tọ́ ibẹ̀, ọwọ́ á lọ fìrì, ó parí. Nígbà kan, aláwàdà kan nínú wa kọ̀wé pé kí wọ́n fún jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ ní ìsinmi ọdọọdún, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó fọwọ́ sí i. Jẹnẹrétọ̀ náà sì lọ lóòótọ́, nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kọṣẹ́.

Bébà kan péré ló máa ń kà. Fọ́ọ̀mù pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà tí òṣìṣẹ́ fi ń kúrò ní ipò kékeré bọ́ sí ipò tó jù ú lọ, bí ọ̀gá bá ti fọwọ́ sí i. Èyí, bó bá rí àwọ̀ rẹ̀ lókèèrè, á fà á yọ, á kà á, á sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ òun kò ní gbójú sókè wo òun.

Fọ́ọ̀mù Hàbíbátù ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Hàbíbátù ni atẹ̀wé wa. Ọmọ Okun ni, láti apá Kàbà, ó sì ń gbé ní Kabusa, létí Àbújá. Ọdún márùn-ún ló fi ń ti ibi iṣẹ́ lọ kàwé nírọ̀lẹ́ títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí tó yẹ kó sọ ọ́ di ọ̀gá kékeré. Ó ní ọmọbìnrin kan, Ìdáyátù, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìdáyátù gbọ́ Yorùbá dáadáa o, ṣùgbọ́n bí o bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, òyìnbó ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi ń tan ahọ́n ọmọ náà ni ìtàn. Lálaalẹ́, á sọ díẹ̀, á dúró síbi tó dùn jù, á ní: "Bó o bá fẹ́ mọ ohun tó kù, fi Yorùbá béèrè." Kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì tó mọ̀ nípa ìtàn yìí nígbà náà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìkéde kan jáde. Ìyáàfin Olúfúnkẹ́ Bámiṣayọ̀ ṣí ilé ìtẹ̀wéjáde kékeré kan ní Kado, ní Àbújá níbí, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ọjà ẹja. Ó ń wá ìwé ìtàn àràmàǹdà kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ. Kí àwọn òǹkọ̀wé fi odidi ìwé ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá mú, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó kọ ọ́ yóò kọ́kọ́ kà nínú rẹ̀ ní gbangba, yóò dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé, kó tó fọwọ́ sí àdéhùn.

Alàgbà kọ́kọ́ yínmú sí i. "Ilé ìtẹ̀wé tó ń rùn bí ẹja? Èmi Ẹlẹ́dàá Ayé Méje?" Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ti kọ̀, Èkó ti kọ̀. Ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì ń sún mọ́lé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ bó bá lè fi ìwé kan han àwọn. Ẹni tí kò rí adìyẹ rà, kò ní pẹ́ gbà pé ẹja náà lẹ́ran lára.

Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Olúṣèyí, ṣí fáìlì tuntun kan."

"Kí ni kí n kọ sí iwájú rẹ̀, sà?"

"Ìwé Mi."

"Ta ló máa kọ ọ́, sà?"

"Èmi ni o! Ṣé o ò mọ òǹkọ̀wé ni?"

"Ta ni kí n wá máa gbé fáìlì náà fún?"

"Gbogbo yín," ni ó wí. Ó wá na ìka sókè bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ kéde òfin rẹ̀. "Rántí o: bí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ fáìlì. Lọ́jọ́ iwájú, àwọn ọ̀mọ̀wé máa fẹ́ mọ bí mo ṣe ṣe é."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ó wá kọ àṣẹ sí fólíò kìíní, ó fi ránṣẹ́ sí àwa mẹ́rin pé kí oníkálukú kọ orí kìíní wá, òun yóò mú èyí tó bá wu òun. Ọkùnrin tó ń bójú tó ọkọ̀ ìjọba kọ nípa ẹṣin abìyẹ́ kan tí kò lè fò nítorí pé wọn kò tíì pààrọ̀ òróró rẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó rírà nǹkan kọ nípa ọba tí ọ̀tá ká mọ́ ààfin, ṣùgbọ́n tí kò lè mú idà àfi bí alágbẹ̀dẹ mẹ́ta bá kọ iye owó wọn wá. Èmi náà kọ tèmi. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì pàdé ní pápá, wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, wọ́n rí i pé iye ènìyàn kò pé, wọ́n sún ogun náà síwájú di oṣù tó ń bọ̀. Mo rò pé ó dára. Ìyàwó mi ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ti Hàbíbátù wọlé, fólíò kẹfà. Ìdúró ni mo fi kà á. Bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Karu fi mí sílẹ̀ lọ, n kò mọ̀.

Ìlú kan wà lábẹ́ àpáta, níbi tí wọ́n ti ń fi kèrègbè tọ́jú ohùn ènìyàn. Ọmọbìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aṣọ́hùn, òun ló ń ṣọ́ àwọn kèrègbè náà. Ọba ìlú náà kò ní ohùn tirẹ̀. Bó bá fẹ́ kọrin, á gba ohùn akọrin. Bó bá fẹ́ gbàdúrà, á gba ohùn opó kan. Ẹni tí ọba bá sì ti gba ohùn rẹ̀, olúwarẹ̀ di odi nìyẹn. Títí ọjọ́ kan tó ní kí Aṣọ́hùn kó kèrègbè mẹ́ta tó kẹ́yìn wá.

Mo gbé e lọ fún Alàgbà. Kò ṣí i. "Ìwé mélòó ni?" "Ojú ìwé mẹ́rìnlá, sà." "Ó gùn dáadáa. Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

Báyìí ni Hàbíbátù ṣe kọ orí méjìlá láàárín oṣù méjì, lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Bí orí kan bá ti wọlé, ọ̀gá á fọwọ́ sí i. Bí ó ti fọwọ́ sí orí kejìlá tán, Hàbíbátù kúnlẹ̀ níwájú tábìlì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, fọ́ọ̀mù mi. Wọ́n ti ní ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn. Tó bá kọjá, ó di ọdún méjì míì."

"Ṣé ìwé mi ti jáde ni?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi ti parí."

"Nígbà tí ìwé bá jáde, fọ́ọ̀mù á jáde. Ìwọ sì ṣọ́ ẹnu rẹ. Tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ní ìwọ lo kọ nǹkan kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wàá máa tẹ̀ títí o fi máa darúgbó."

Ó yọ fọ́ọ̀mù náà nínú dúrọ́ọ̀, ó kọ nǹkan sí bébà kan, ó so ó mọ́ ọn, ó nawọ́ rẹ̀ sí mi. "Olúṣèyí, fi sínú fáìlì Ìwé Mi. Kó má jáde." Mo gbà á. Mo fún un ní nọ́ńbà: fólíò kọkànlélógójì. Ẹ má rò pé mo dára o. Mo ní ọmọ méjì nílé ìwé, ẹ̀rù ló bà mí, mo pa ẹnu mi mọ́.

Nínú ọ̀nà àbájáde ni mo ti bá Hàbíbátù. Ó dúró ti fèrèsé, ó ń nu ojú.

"Ìyá Ìdáyátù, ṣé ẹ máa jẹ́ kó gba ìtàn yín báyìí?"

"Bọ̀dá Ṣèyí, kí ni kí n ṣe? Ìtàn, mo lè sọ òmíràn. Ọdún méjì, ta ló máa dá a padà fún mi?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dùn mí o. N ò ní parọ́. Ìdáyátù ń bi mí pé ta ló ń jẹ́ Àjíṣafẹ́ tí orúkọ ẹ̀ wà lórí ìtàn alaalẹ́ wa."

Àwọn ará Kado mú ìwé náà. Nínú mọ́kàndínlógún tó wọlé, òun ni. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé, Alàgbà rìn yípo gbogbo ọ́fíìsì, ó mú un lọ́wọ́ bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn ní Sunday School. Ó ní kí n ka ìlà kejì sókè: "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ ìrora." Ó ní, "Ìrora! Ṣé ẹ rí i? Wọ́n mọ̀ mí." Ìrora kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ní ni ti orúnkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fi ìkàwé náà sí, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ní Karu. Ọjọ́ kẹta ìyẹn ni ọjọ́ Ajé tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn. Alàgbà fúnra rẹ̀ ló ní kí n gbé fáìlì náà wá. Ó ní kí n fi rìbọ́ọ̀nù dì í, kí n gbé e sórí tábìlì níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, kí ayé lè rí bí ènìyàn ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tiwa yìí, òun gan-an ló ní kí wọ́n gbé ọdẹ wá.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ẹgbẹ́ wá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, gbogbo ọ́fíìsì wa wá, nítorí ó ti kọ ọ́ sí ìwé pé ẹni tí kò bá wá yóò ṣàlàyé. Hàbíbátù jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Ìdáyátù. Ìyáàfin Olúfúnkẹ́ jókòó níwájú, obìnrin kúkúrú kan tó wọ jígí, ó ti fi àmì sí ojú ìwé bí ogún nínú ìwé náà.

Alàgbà dìde. Agbádá rẹ̀ ń ró. Ó ní òun yóò ka orí kẹta, nítorí ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀ sọ fún un pé ọba wà níbẹ̀. Ó fi jígí sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tó kọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

"Ọba Alóhùn ga, orí rẹ̀ pá, ó ń dán. Ó yọkùn díẹ̀." Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. "Ó pe ara rẹ̀ ní Olórin, kò sì tíì kọ orin kan rí. Ó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, ohùn ẹlòmíràn ló fi ń ronú."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn ará ọ́fíìsì wa. Alàgbà rò pé ìyìn ni. Ó gbé ohùn sókè sí i.

"Nígbà tí wọ́n bá gbé àṣẹ wá fún Ọba Alóhùn, kì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Á na àtàǹpàkò jáde, á ní: 'Ibo ni kí n tẹ̀ ẹ́ sí?'"

Ẹ̀rín bú jáde láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ẹni tó ń bójú tó rírà nǹkan ṣubú lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.  Alàgbà tún ìlà yẹn kà nínú ara rẹ̀, mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Ó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ó wò ó, ó yára pa ìwé dé.

"Ó tó báyìí," ni ó wí. "Ẹ máa ra tiyín bó bá jáde."

Ìyáàfin Olúfúnkẹ́ dìde. "Ẹ ṣeun, sà. Ó kan ìbéèrè. Tèmi kò le rárá. Kí ló wà nínú kèrègbè kẹta?"

"Kèrègbè wo?"

"Kèrègbè kẹta, sà. Èyí tí gbogbo ìwé dá lé lórí."

"Ìyẹn... àṣírí òǹkọ̀wé nìyẹn."

"Ó wà ní orí kejìlá, sà. Gbogbo ẹni tó bá ra ìwé náà ló máa kà á."

 Bàbá Ọláídé, alága ẹgbẹ́, àgbàlagbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀, kan ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Akínjídé, dá obìnrin yìí lóhùn. Àbí ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ ni?"

"Kai!" Alàgbà na ìka sókè, bó ṣe máa ń ṣe. "Bàbá, èmi ni ẹ ń bi? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà nínú iṣẹ́ ìjọba. A kì í fi ẹnu jà níbẹ̀. Fáìlì nìyẹn lórí tábìlì! Bí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀. Ìyáàfin, ẹ tú u, ẹ kà á fún wọn sókè. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ sí i!"

Òótọ́ ni. Ó fọwọ́ sí i. Mo wo Hàbíbátù, Hàbíbátù wo mí. Ìyáàfin Olúfúnkẹ́ tú rìbọ́ọ̀nù.

"Fólíò kìíní," ni ó kà. "'Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí oníkálukú kọ orí kìíní ìwé mi wá. Ọba inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ mí. Kíákíá. A. Àjíṣafẹ́.'"

Ó ṣí bébà síwájú.

"Fólíò keje. 'Hàbíbátù, orí kìíní yìí dára púpọ̀. N kò tíì kà á. Kọ orí kejì. A. Àjíṣafẹ́.' Fólíò kẹtàlá. 'Ṣé ẹ ti pa dírágónì náà?' Hàbíbátù dáhùn pé: 'Kò sí dírágónì nínú rẹ̀, sà.' 'Ó dára bẹ́ẹ̀. Tẹ̀ síwájú. A. Àjíṣafẹ́.'"

"Ó tó!" ni Alàgbà pariwo. "Iṣẹ́ abẹ́lé ni ìyẹn! Ẹ ò mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń lọ. Ọmọ iṣẹ́ ló ń kọ ọ́, ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ló ni ín!"

Láti ẹ̀yìn, ẹnì kan ké pé: "Sà, jẹnẹrétọ̀ yín ti dé láti ìsinmi o!" Ẹ ìbá rí bí àwọn ará ọ́fíìsì wa ṣe ń di ikùn mú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ìtàn jẹnẹrétọ̀ náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìyáàfin Olúfúnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dé ibi bébà pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló gbọ́. "Fólíò kọkànlélógójì. 'Fọ́ọ̀mù ìgbéga Hàbíbátù. Ẹ máa fojú sí i. Kò gbọdọ̀ jáde títí ìwé mi yóò fi jáde. A. Àjíṣafẹ́.'"

Bàbá Ọláídé jókòó. "Orúkọ tí ò ní dé ara ògiri wa nìyí o," ni ó wí, kò sì tún wo ọ̀dọ̀ Alàgbà mọ́.

"Ta ni Hàbíbátù?" ni Ìyáàfin Olúfúnkẹ́ béèrè.

Ó dìde lẹ́yìn. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Alàgbà yíjú sí i bí ẹni tó ti rí ẹran tó máa jẹ. "Ìwọ! Ìwọ lo fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ìwọ lo sọ mí di ọba burúkú!"

"Sà," ni Hàbíbátù wí, "ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹ́ kó jọ yín."

Mo ti gbọ́ ariwo rí ní Karu, lọ́jọ́ tí Nàìjíríà bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ti ọjọ́ náà jù ú lọ. Nígbà tó rọlẹ̀, Ìyáàfin Olúfúnkẹ́ tún béèrè ìbéèrè rẹ̀: "Mà, kí ló wà nínú kèrègbè kẹta?" Hàbíbátù la ẹnu, omijé kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ìdáyátù ló fò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

"Ohùn tiẹ̀ ni! Ohùn Aṣọ́hùn fúnra ẹ̀ ni! Ó fi pamọ́ kí ọba má bàa rí i!"

Hàbíbátù gbá a mọ́ra. N kò mọ̀ bóyá ìwé ló ń sunkún lé lórí ni tàbí ahọ́n ọmọ rẹ̀.

Wọ́n pè é síwájú. Ìyáàfin Olúfúnkẹ́ mú bíírò, ó fa orúkọ Àjíṣafẹ́ rẹ́ lórí àdéhùn, ó kọ ti Hàbíbátù síbẹ̀. Hàbíbátù kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin, kò fo ìlà kan. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i. Àyè kan ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, fún ẹlẹ́rìí tó mọ̀ pé Hàbíbátù ló kọ ọ́.

Alàgbà ti wó lulẹ̀ sínú àga lẹ́yìn tábìlì. Agbádá ti bọ́ léjìká rẹ̀ kan. Ilẹ̀kùn ló ń wò, àwọn ènìyàn ló sì kún ẹnu ọ̀nà. Hàbíbátù gbé bébà méjì síwájú rẹ̀, àdéhùn lábẹ́, fọ́ọ̀mù pupa rẹ́súrẹ́sú tó yọ nínú fáìlì lórí. Ó fi bíírò sí i lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

  Fọ́ọ̀mù yẹn ni bébà kan ṣoṣo tó máa ń kà.

Kò wò ó. Ó ṣí bíírò, ó sì béèrè lóhùn kékeré pé:

"Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

Hàbíbátù fi ìka tọ́ ibẹ̀ fún un. Lẹ́ẹ̀mejì.